Ọjọ́ Mẹ́fà Láti Geneva: Ibi Tí Nótíìsì àti Ìsinmi Ọdún Ti Wá

Ìbéèrè kan wà tó máa ń wọlé sórí WhatsApp wa, ó sì máa ń pọ̀ sí i nígbà tí oṣù Keje bá ń parí lọ, tí àwọn iléèwé aládàáni bá ń palẹ̀ mọ́ fún ìsinmi gígùn. Bó ṣe máa ń lọ rèé: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí n má wá síbi iṣẹ́ mọ́ láti Mọ́ńdè. Ṣé wọ́n jẹ mí ní nǹkan kan?" Àwọn kan á kọ ọ́, àwọn kan á fi ohùn ránṣẹ́, ẹ ó sì máa gbọ́ ariwo ọ̀kadà Fọlágbadé lẹ́yìn wọn. Olùkọ́ wà nínú wọn, ọmọge tó ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù wà níbẹ̀, arákùnrin tó ń bu epo nílé epo náà wà níbẹ̀.

Mo lè fi ìṣẹ́jú kan dá wọn lóhùn. Mo lè sọ pé ọjọ́ kan, tàbí ọ̀sẹ̀ kan, tàbí ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí oṣù kan ni nótíìsì, kí n sì fi ọjọ́ mẹ́fà ìsinmi ọdún kún un. Àmọ́ ètò ìtàn ni tiwa. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka òfin yẹn, ohun tó dààmú mi ni iye ọjọ́ yẹn gan-an. Ta ló yàn án? Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ 6, tí kì í ṣe 10 tàbí 15? Mo wá a títí, ó sì gbé mi dé ibi tí mi ò rò.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilé. Kí òyìnbó tó dé, kò sí iṣẹ́ oṣù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ ń bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́, ẹlẹgbẹ́ ń ṣe àáró pẹ̀lú ẹlẹgbẹ́, àna ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna, ẹrú sì wà pẹ̀lú, ká má purọ́ fún ara wa. Èyí tó sún mọ́ ohun táa ń pè ní iṣẹ́ ọ̀gá lónìí jù lọ ni ìwọ̀fà. Ẹni tó bá yá owó á fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, sọ́dọ̀ olówó kó máa bá a ṣiṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn kì í dín gbèsè kù o. Èlé owó ni iṣẹ́ náà jẹ́. Bó bá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́wàá, iye tó yá ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Àmọ́ ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọjọ́ tó bá kó owó kalẹ̀ pé, olówó kò ní ohun tó fẹ́ fi dá a dúró mọ́.

Ẹ kíyè sí i: owó ló ń parí iṣẹ́ ìwọ̀fà, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Lọ́dọ̀ àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú, òmìnira ló ń parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn aránṣọ Òkè-Àjẹ́ lónìí, ẹ ó ṣì rí i: ọmọ iṣẹ́ á ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọ̀gá á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ó parí. Kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ nótíìsì níbẹ̀.

Ní oṣù Karùn-ún 1892, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmagbọ̀n, ọ̀nà tí àwọn baba wa ti dí fún àlejò sì là gbàrà. Láti ìgbà náà ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń lọ Èkó láti wá iṣẹ́ owó oṣù ti ń pọ̀ sí i: akọ̀wé, kápẹ́ńtà, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ reluwé. Reluwé fúnra rẹ̀ kò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá, ó gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901. Àwọn àgbà ṣì máa ń sọ̀rọ̀ yẹn pẹ̀lú ìbínú díẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa wọ Èkó lọ bá a.

Òfin tí wọ́n bá ní Èkó, òfin ọ̀gá àti ìránṣẹ́ ni. England ló ti wá, ó sì dùn mí láti sọ bó ṣe rí. Ní England, títí di 1875, bí òṣìṣẹ́ bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, wọ́n lè jù ú sí ẹ̀wọ̀n. Bí ọ̀gá bá jẹ́ ẹni tó ba àdéhùn jẹ́, owó lásán ni wọ́n ń ní kó san. England pa òfin yẹn rẹ́ nílé ní 1875, síbẹ̀ irú rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Torí náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ nótíìsì kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Okùn tí ọ̀gá fi ń so òṣìṣẹ́ mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ fún wa pé òyìnbó ló kó ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ wá kì í sọ apá yìí.

Ìsinmi náà ń kọ́? Àwọn òyìnbó ìjọba ní tiwọn. Lẹ́yìn ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Liverpool, owó oṣù wọn á sì máa wọlé. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ lífù ti wọ ẹnu wa. Àwọn akọ̀wé dúdú náà rí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè tiwọn. Ní oṣù Kẹjọ 1912, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ìgbàlódé tí àwọn òpìtàn kà sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ṣùgbọ́n akọ̀wé ni wọ́n, ọlọ́rùn funfun. Ẹni tó ń gbé irin, tó ń da èédú sínú ẹ́ńjìnnì, kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Èyí gbé wa dé 1931. Ọrọ̀ ajé àgbáyé ti wó, reluwé fẹ́ dín ìnáwó kù, wọ́n wá yí àwọn òṣìṣẹ́ kan sí owó wákàtí. Ẹ rò ó wò. Bí wọ́n bá ń san owó fún ọ ní wákàtí, ìgbà wo ni wọ́n lé ọ? Wọn ò lé ọ. Wọ́n kàn ní kò sí wákàtí fún ọ lọ́la ni. Nótíìsì kò sí níbẹ̀, ìsinmi kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò tàbí ọ̀kadà lórí áàpù, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí yín. Nínú ìbínú yẹn ni ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ reluwé ti jáde, Michael Imoudu sì di olórí wọn. Ọmọ Ọ̀ra ni, ní ìpínlẹ̀ Ẹdó táa mọ̀ lónìí. Ní oṣù Kẹsàn-án 1941, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ tẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀ lọ sí ilé gómìnà ní Èkó. Ní 1943, ìjọba gbé e jù sí Auchi, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi Imoudu sílẹ̀ ní Auchi ná, ká lọ sí Geneva.

Ní Geneva, lórílẹ̀-èdè Switzerland, ni iléeṣẹ́ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà. Láti 1919 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀, lẹ́yìn ogun àgbáyé àkọ́kọ́. Ní oṣù Kẹfà 1936, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè pàdé níbẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ìsinmi tí wọ́n ń san owó lé. Oṣù yẹn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Faransé fi ìyanṣẹ́lódì gba ọ̀sẹ̀ méjì ìsinmi lọ́dún. Ṣùgbọ́n àdéhùn Geneva kò tó ti Faransé. Ó ní ẹni tó bá ti lo ọdún kan lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6, tí wọ́n á sì san owó rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 16, ọjọ́ 12.

Ọjọ́ mẹ́fà. Ẹ fi í sọ́kàn.

Kí ló dé tó fi jẹ́ mẹ́fà? Láyé ìgbà yẹn, ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, Sátidé wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Òun ni ìwọ̀n tó kéré jù tí àwọn orílẹ̀-èdè yẹn lè gbà pọ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n fi lélẹ̀, wọn ò fi ṣe òrùlé.

Ó yá, ká padà sílé. Ogun àgbáyé kejì gbé owó ọjà gòkè, owó iṣẹ́ kò sì tẹ̀ lé e. Ìjọba dá Imoudu sílẹ̀, ó padà dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 1945, èrò sì tú jáde láti pàdé rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìyanṣẹ́lódì gbogbogbòò ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni àfikún ìdajì lórí owó ìnira ogun, àti owó iṣẹ́ ojúmọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kéré sí ṣílè méjì àti sísì. Reluwé dúró. Wáyà dúró. Ó ju oṣù kan lọ kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́.

Níbí ni ọmọ Ìjẹ̀bú kan ti wọ ìtàn náà, mi ò sì lè sáré kọjá rẹ̀. Hubert Ogunde ni, ọmọ Ọ̀sọsà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀nà, ẹ mọ̀ pé Ọ̀sọsà kò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde rárá. Wọ́n bí i ní 1916, ó ṣe olùkọ́, ó wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá, ó sì dá ẹgbẹ́ eré rẹ̀ sílẹ̀ ní 1945 gan-an. Ìyanṣẹ́lódì yẹn kò tíì tutù tó fi gbé e lọ sórí ìtàgé: "Strike and Hunger" ni orúkọ eré náà. Ìjọba kò rẹ́rìn-ín sí i. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn awakùsà 21 ní Iva Valley, ní Enugu, ní oṣù Kọkànlá 1949, nínú rògbòdìyàn tí ilé iṣẹ́ ti lé àwọn awakùsà kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Ogunde tún gbé eré jáde ní 1950: "Bread and Bullet". Gbogbo wa ń pè é ní bàbá eré ìtàgé, a ń ya fọ́tò níwájú ilé rẹ̀, àmọ́ ó ṣòro kí ẹ gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan pé ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà nínú ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Tó bá jẹ́ èmi ni mo ń kọ́ ìtàn ní iléèwé girama, ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1945 kan náà ni ìjọba amúnisìn ṣe ìwé òfin iṣẹ́ tuntun fún Nàìjíríà. Ní 1946, ìgbìmọ̀ Tudor Davies gbà pé kí wọ́n fi ìdajì kún owó náà bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe béèrè. Ní 1954, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Awolowo, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, sọ owó ojúmọ́ òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù di ṣílè márùn-ún. Òmìnira dé, ìyanṣẹ́lódì ńlá mìíràn wáyé ní 1964, ogun abẹ́lé dé. Mo ń sáré nítorí pé 1971 ni mò ń lọ.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ológun ló ń ṣèjọba, Gowon ni olórí. Ní 1969, wọ́n ti fi òfin de ìyanṣẹ́lódì, wọ́n ní ogun ń lọ lọ́wọ́. Ogun parí ní oṣù Kìíní 1970, owó ọjà ti gun òkè, òṣìṣẹ́ ń kùn. Ìgbìmọ̀ Simeon Adebo, ọmọ Abẹ́òkúta, ṣiṣẹ́ lórí owó oṣù. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ 1971, òfin iṣẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Òfin yẹn náà ni a ṣì ń lò títí di òní olónìí. Wọ́n ti pààrọ̀ orúkọ rẹ̀ kúrò ní ti ológun, wọ́n ti tò ó sínú àkójọ òfin 2004, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ni inú rẹ̀.

Apá 11 ló sọ ti nótíìsì. Bí iṣẹ́ kò bá tíì kọjá oṣù mẹ́ta, ọjọ́ kan. Bó bá ti kọjá oṣù mẹ́ta tí kò tíì pé ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọdún méjì sí ìgbà tó bá ku díẹ̀ kó pé márùn-ún, ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún márùn-ún sókè, oṣù kan. Ẹni tó lo ọdún 5 àti ẹni tó lo ọdún 25, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òfin yìí. Bí nótíìsì bá tó ọ̀sẹ̀ kan, ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Bí ọ̀gá kò bá fẹ́ kí ẹ lo àkókò náà, kó san owó rẹ̀. Owó oṣù gan-an ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ o, wọn kì í ka owó àfikún iṣẹ́ àti owó àjẹmọ́nú mọ́ ọn. Ó sì kan ẹ̀yin náà: bí ẹ bá jí lọ́jọ́ kan tí ẹ kò padà síbi iṣẹ́ mọ́, ẹ̀yin náà jẹ ọ̀gá ní owó ọjọ́ yẹn.

Apá 18 ló sọ ti ìsinmi. Mo kà á, mo tún un kà. Lẹ́yìn oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́, ó kéré tán ọjọ́ iṣẹ́ 6. Ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 16, ọjọ́ 12.

Ẹ rí i? Geneva 1936 ni. Ìwọ̀n yẹn náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1971, ọdún 35 lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó sì ká mi lára jù ni pé Geneva fúnra rẹ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà 1970, ọdún kan péré kí òfin tiwa tó bẹ̀rẹ̀, àwọn orílẹ̀-èdè ti tún pàdé, wọ́n sì ti ṣe àdéhùn mìíràn tó sọ ìsinmi ọdún di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ilẹ̀ tí àwọn kan fi lélẹ̀ nígbà tí Ogunde ṣì jẹ́ ọmọ ogún ọdún, orí rẹ̀ la ṣì dúró sí. Mi ò ní bá yín fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó: àwọn tó kọ òfin 1971 lè ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò ṣe é. Ìjọba tó ti ẹnu òṣìṣẹ́ pa pẹ̀lú òfin 1969 kò ní ẹni tó ń tì í lẹ́yìn.

Síbẹ̀, ohun rere kan wà nínú apá 18 tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Nígbà tí ẹ bá ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá kò gbọ́dọ̀ fi owó ra ọjọ́ ìsinmi yẹn lọ́wọ́ yín. Kó fún yín ní ìsinmi. Àmọ́ nígbà tí iṣẹ́ bá parí, tí ẹ sì ti lo oṣù mẹ́fà ó kéré tán láti ìgbà tí ìsinmi ti tọ́ sí yín kẹ́yìn, tàbí láti ìgbà tí ẹ ti wọlé tí ẹ kò tíì pé ọdún, wọ́n jẹ yín ní owó. Wọ́n á mú owó ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á wo iye oṣù tí ẹ ti ṣe nínú 12, wọ́n á fún yín ní ìpín yín.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀kan. Ká ní ọmọge kan ń ta ọjà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000. Ó ti lo ọdún mẹ́ta àti oṣù mẹ́jọ, ó ti lọ ìsinmi ọdún kẹta, wọ́n wá ní kó má wá mọ́. ₦70,000 lọ́nà 12 jẹ́ ₦840,000. Ẹ pín in sí ọ̀sẹ̀ 52, owó ọ̀sẹ̀ kan jẹ́ nǹkan bí ₦16,154. Nótíìsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì: ₦32,308. Ìsinmi rẹ̀ jẹ́ oṣù 8 nínú 12 ti owó ọ̀sẹ̀ kan: nǹkan bí ₦10,769. Àpapọ̀ rẹ̀ lé díẹ̀ ní ₦43,000, yàtọ̀ sí owó iṣẹ́ tó ti ṣe nínú oṣù yẹn. Mo mọ̀ pé kò pọ̀. Ṣùgbọ́n owó ilé oṣù mélòó kan ni fún ẹlòmíràn, ẹ sì mọ̀ bí oṣù àkọ́kọ́ láìníṣẹ́ ṣe máa ń gùn.

Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn òfin náà, orílẹ̀-èdè wa fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí àìsí nótíìsì jẹ́. Murtala Muhammed gba ìjọba ní ọjọ́ 29 oṣù Keje 1975. Láàárín oṣù díẹ̀, wọ́n ti yọ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ju 10,000 lọ: akọ̀wé àgbà, adájọ́, ọ̀gá ọlọ́pàá, olùkọ́ yunifásítì, títí dé òṣìṣẹ́ kékeré. Àwọn kan gbọ́ orúkọ ara wọn lórí rédíò. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń lé wọn, "with immediate effect", di ohun tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré ní àdúgbò. Ọ̀pọ̀ aráàlú ló pàtẹ́wọ́, nítorí wọ́n ní àwọn oníwà ìbàjẹ́ ni wọ́n ń gbá dànù. Oníwà ìbàjẹ́ wà nínú wọn lóòótọ́. Àmọ́ wọn ò pe ọ̀pọ̀ nínú wọn láti wí tẹnu wọn, ẹni tó sì ti fi ogún ọdún sin ìjọba lè jí láàárọ̀ kó rí i pé òun kò níṣẹ́. Èrò tèmi ni pé ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá aládàáni ti kọ́ ọ. Bí ìjọba bá lè lé èèyàn láti inú rédíò, kí ni yóò dí oníṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ láti lé e láti inú WhatsApp?

Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fipá fún ní ìfẹ̀yìntì láwọn ọdún yẹn kò gbà. Amòfin ni, Shitta-Bey ni orúkọ rẹ̀, iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìjọba àpapọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó gbé ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí kóòtù, ẹjọ́ náà sì dé ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 1981. Wọ́n dá a láre. Wọ́n ní iṣẹ́ tí òfin dá sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀gá lè fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ parí, ọ̀nà tí òfin là sílẹ̀ ni kó gbà. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni amòfin máa ń kọ́kọ́ dá bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ aládàáni kò rí bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun tí àwọn kóòtù wa ń sọ ni pé bí ọ̀gá bá lé èèyàn láìtọ́, iye tó yẹ kó gbà ní àkókò nótíìsì ni ẹ̀san rẹ̀. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Ó túmọ̀ sí pé bí wọ́n bá fi ìwà ìkà lé ẹ lẹ́yìn ogún ọdún, ohun tí o lè gbà nílé-ẹjọ́ lè má ju owó oṣù kan lọ. Ìdí nìyẹn tí iye ọjọ́ nótíìsì fi ṣe pàtàkì. Láti 2010 tí wọ́n ti tún ìwé òfin orílẹ̀-èdè ṣe, ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ iṣẹ́, èyí tí òfin 1976 kọ́kọ́ dá sílẹ̀, ti ní agbára sí i, àwọn adájọ́ rẹ̀ kan sì ti ń sọ pé ọ̀gá gbọ́dọ̀ sọ ìdí tó fi ń lé èèyàn.

Ó ku àwọn olùkọ́ wa. Àǹtí mi kan kọ́ ọmọ ní iléèwé aládàáni kan níbí fún ọdún mẹ́fà. Ní ọjọ́ tí wọ́n pín èsì ìdánwò tán, wọ́n ní àwọn yóò pè é. Wọn ò san oṣù Kẹjọ, wọn ò san oṣù Kẹsàn-án, wọn ò sì pè é. Mo ti rò pé òfin 1971 yóò gbè é lẹ́sẹ̀ tààrà. Nígbà tí mo ka apá 91, mo rí i pé òṣìṣẹ́ tí òfin náà ń sọ ni ẹni tó ń fi ọwọ́ ṣiṣẹ́ tàbí tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Ó yọ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ àkóso àti iṣẹ́ ìmọ̀ sílẹ̀. Olùkọ́ bọ́ sí ìta. Èmi tí mò ń ṣe ètò yìí náà, ó ṣeé ṣe kí n bọ́ sí ìta. Ọmọge ṣọ́ọ̀bù àti arákùnrin ilé epo wà nínú.

Kò túmọ̀ sí pé ẹni tó bọ́ sí ìta kò ní ẹ̀tọ́. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ ni òfin tirẹ̀. Bí lẹ́tà bá sọ pé oṣù kan, oṣù kan ni. Bí lẹ́tà kò bá sọ nǹkan kan, kóòtù á wo àkókò tó bọ́gbọ́n mu fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́tà àǹtí mi sọ pé oṣù kan. Ó wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́fà, kò sẹ́ni tó tún un kà. A kọ ìwé sí wọn, a fi ẹ̀dà lẹ́tà náà sí i, a sọ iye owó náà ní kíkọ, a fún wọn ní ọjọ́ 14. Ìdajì ni wọ́n kọ́kọ́ san. Ìdajì kejì gba ìwé mìíràn láti ọwọ́ amòfin, ó sì wọlé ní oṣù Kọkànlá.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ béèrè. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ tàbí iṣẹ́ akọ̀wé, apá 7 òfin yẹn ní kí ọ̀gá fún yín ní ìwé àdéhùn kí oṣù mẹ́ta tó pé, kí iye ọjọ́ nótíìsì àti ìsinmi sì wà nínú rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ nísinsìnyí tí àárín yín ṣì dán mọ́rán. Bí wọn ò bá fún yín, ẹ tọ́jú àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì tó ń fi owó oṣù hàn, àti ọ̀rọ̀ WhatsApp tí wọ́n fi gbà yín síṣẹ́. Ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ wà ní Abẹ́òkúta, ẹ lè mú ẹ̀sùn yín lọ síbẹ̀. Ó yàtọ̀ o, bó bá jẹ́ pé ìwà àìtọ́ ńlá ni wọ́n fi lé yín. Nígbà náà, òfin gbà kí ọ̀gá lé èèyàn láìsí nótíìsì, àmọ́ owó iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe ṣì jẹ́ tiyín.

Ẹ máa fi ìbéèrè ránṣẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ ká bá yín wo lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́, ẹ fi ìka bo orúkọ yín àti orúkọ iléeṣẹ́ kí ẹ tó ya fọ́tò rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pẹ́ńṣàn la máa sọ, láti ayé òyìnbó dé àkáǹtì tí wọ́n ń yọ owó sí lónìí.